Nọ́ọ̀sì màmá mi

Agogo mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀ yìí ni fóònù màmá mi dún. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àtọ̀gbẹ wọn ló kọ̀wé sórí WhatsApp bó ṣe máa ń ṣe: "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ ti wo ṣúgà yín? Ẹ má tíì jẹun o."

Mo bá wọn gún ìka. Ẹ̀rọ kọ 62. Mo fi ránṣẹ́, kò pé ìṣẹ́jú kan tí èsì fi dé: "Ó ti lọ sílẹ̀ jù, kò yẹ kó dín ní 70. Ẹ po ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́rin sómi fún màmá kíákíá. Ẹ tún un wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15."

Ọwọ́ màmá ń gbọ̀n débi pé eyín wọn ń kan ẹnu ife náà, kó, kó, kó. Òógùn bo iwájú orí wọn. Èmi tí mo sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, oorun ni mo rò pé ó ń kùn wọ́n! Wọ́n gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì, èyí tó máa ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, lálẹ́ àná, wọn ò sì jẹun tó.

Nígbà tó yá, 94. Màmá mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ yẹn, kò ní ṣàárẹ̀ láé."

Ṣé ẹ̀yin náà ní nọ́ọ̀sì tó ń ṣe báyìí fún òbí yín?