Ìṣẹ́jú 47 ní Ọ̀nà Òkè-Mósàn

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lálẹ́.

Ẹsẹ̀ ṣì ń ro mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Láàárọ̀ yìí ni mo bá wọn kópa nínú eré kìlómítà 5 tí wọ́n fi ń kó owó jọ fún ìtọ́jú àwọn aláboyún àti àwọn ọmọ tuntun nílùú Abẹ́òkúta wa níbí. Kútọ̀ ni a ti gbéra, a gba ọ̀nà Òkè-Mósàn lọ, a sì yípadà bọ̀. Mo sáré díẹ̀, mo rìn púpọ̀. Ìṣẹ́jú 47 ni mo lò.

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin ló mú mi ka ìṣẹ́jú náà. Lóru ọjọ́ tó bí àkọ́bí rẹ̀, ọmọ ti ké, a ti ń kí ara wa kú ewu, kí a tó rí i pé ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ibi tó bí sí kò ní ẹ̀jẹ̀ tí wọn yóò fà sí i lára, wọ́n ní kí a máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, a kò sì rí ọkọ̀. Aládùúgbò kan tí a lọ jí lójú oorun ló wá fi aṣọ ìsùn wakọ̀ gbé wa lọ. Ó yè é, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí àwọn àgbà bá ṣàdúrà pé kí a gbóhùn ìyá, kí a gbóhùn ọmọ, mo máa ń rántí bí ààrin ohùn méjèèjì ṣe lè jìn tó.

Níbi tí ọ̀nà ti ń gòkè ni mo bá màmá kan pàdé, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọn kò tilẹ̀ gbìyànjú àtisáré. Mo ní, "Ẹ kú ìrìn, mà," wọ́n sì ní kí a jọ máa lọ. Wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ dídà lẹ́yìn ìbímọ wà lára ohun tó ń pa ìyá jù lágbàáyé, pé abẹ́rẹ́ oxytocin, tí wọ́n ń gún obìnrin gbàrà tí ọmọ bá ti jáde kí ilé ọmọ lè sún kì, ló ń dènà rẹ̀, ṣùgbọ́n inú òtútù tó wà láàrin ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó gbọ́dọ̀ wà, nítorí ooru a máa gba agbára rẹ̀.

"Ọmọ mi, bí iná bá lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, ojú kò lè rí i lára ìgò. Omi funfun kan náà ni."

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Àwọn tó ṣètò eré náà ní fìríìjì tó ń lo agbára oòrùn ni àwọn yóò fi owó náà rà fún àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé, pẹ̀lú abẹ tuntun, ohun ìdi ìwọ́ àti oògùn chlorhexidine tí a ń fi pa ìwọ́ ọmọ. Lójú tèmi, fìríìjì ni kó kọ́kọ́ wá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2023, nǹkan bí 260,000 obìnrin ló kú nítorí oyún tàbí ìbímọ lágbàáyé, àti pé nǹkan bí 75,000 nínú wọn jẹ́ ti Nàìjíríà. Èmi tí ara mi le, tí ilẹ̀ mọ́ fún, tí wọ́n ń bu omi fún lójú ọ̀nà, mo lo ìṣẹ́jú 47. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lóru kò ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ láti fi ṣòfò.

Ìyàwó kan nínú ilé tó kángun sí tiwa wà nínú oyún oṣù kẹjọ. Kí n tó jókòó kọ èyí, mo lọ bá ọkọ rẹ̀, mo bi í pé ta ni yóò gbé wọn bí ó bá di òru. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní òun kò tíì ronú débẹ̀. A jọ pe awakọ̀ kan tí mo mọ̀ ní Pánṣẹ́kẹ́. Awakọ̀ náà gbà, ó sì ní òun kò ní pa fóònù òun lóru títí wọn yóò fi bímọ.