Bí àmì ìbéèrè ṣe jẹ orúkọ àwọn èèyàn

Ẹ̀yin àbúrò mi, lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró lẹ́yìn ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ní Òkè-Ìlewó. Orúkọ ìyá rẹ̀ ló fi ń dán ápù rẹ̀ wò. MySQL, ìyẹn dátábéèsì tí ápù náà ń kó orúkọ sí, kọ̀ ọ́, ó sì sọ ìdí: Incorrect string value, pé lẹ́tà kan wà níbẹ̀ tí òun ò lè gbà. Ọmọ náà ò kà á tán tó fi ṣí settings, ó fẹ́ yọ STRICT_TRANS_TABLES, òfin tó ń mú kí MySQL kọ̀ láti gba ohun tí kò tọ́, kúrò nínú sql_mode tí irú òfin bẹ́ẹ̀ wà. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Òun ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àwọn tẹ́ ẹ ti gbọ́ rí. Ẹ má kọ password dátábéèsì sínú kóòdù, inú .env, fáìlì àṣírí ápù, ni kó wà, kí .env má sì wọ Git tẹ́ ẹ fi ń tọ́jú kóòdù. Ẹ má gbé DEBUG=True, tó ń tú inú ápù síta bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, jáde sí gbangba. Ẹ má fi root, ẹni tó ní gbogbo àṣẹ, so ápù yín mọ́ dátábéèsì. Ẹ̀kẹrin ni charset, ìyẹn àkójọ lẹ́tà tí dátábéèsì mọ̀, òun gan-an ló gbé mi dé ibí.

Ní 2017, mo ṣe ápù fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Ìtokú. Àwọn ìyá aládìrẹ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Màmá kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ni akọ̀wé wọn. Kò sí orúkọ tí màmá yìí máa kọ tí kò ní fàmì sí lórí àti nísàlẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà mi, utf8mb4, charset tó mọ gbogbo lẹ́tà Yorùbá, ni mo lò, gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. Àmọ́ MySQL 5.7 ló wà lórí sáfà tí a gbé e lọ, latin1, charset mìíràn, ni 5.7 sì máa ń lò bí èèyàn ò bá yàn fún un. Latin1 mọ á, ó mọ è. Kò mọ ẹ, kò mọ ọ, kò mọ ṣ. Nígbà tí màmá fi orúkọ àkọ́kọ́ ránṣẹ́, MySQL figbe ta. Èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́. Mo rí ìmọ̀ràn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sọ sql_mode dòfo, igbe sì dákẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni màmá fi tẹ orúkọ èèyàn tó lé ní 600. "Ó ti wọlé" nìkan ni ápù mi ń sọ fún un lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í fi orúkọ náà hàn án padà. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ pín èrè la tó tẹ ìwé orúkọ jáde. Ṣẹ́gun ti di ???gun. Fẹlá àti Fọlá di ẹnì kan ṣoṣo, F?lá. Ọ̀ṣọ́ di àmì ìbéèrè márùn-ún, torí lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀ kì í ṣe ẹyọ kan: ọ dá dúró, àmì orí rẹ̀ dá dúró. Màmá wo ìwé náà pẹ́. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ìró nù ún, ó tún wò ó. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ni wọ́n ń béèrè?"

Mo sáré yí tábìlì náà sí utf8mb4. Kò sí ohun tó yàtọ̀. Àmì ìbéèrè gidi ló ti wà níbẹ̀, lẹ́tà tó jẹ ti lọ pátápátá. Bákàápù tí mo ń ṣe lálaalẹ́ náà, àmì ìbéèrè ni mo ń tọ́jú.

Ẹni tó gbé iṣẹ́ náà fún mi ní kí n sọ fáwọn màmá pé kí wọ́n máa kọ orúkọ wọn láìfàmì sí i. Ó dùn mí títí dòní. Orúkọ tí wọ́n sọ èèyàn lọ́jọ́ kẹjọ, kí wọ́n wá gé lára rẹ̀ torí tábìlì tí èmi ò ṣètò dáadáa! Mo kọ̀. Mo gba ìwé ńlá lọ́wọ́ màmá, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárín òórùn aró, mo sì ń tẹ̀ wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mọ́kànlá. Ẹni yẹn ò fún mi ní kọ́bọ̀.

Ibi mẹ́ta ni kẹ́ ẹ máa wò: dátábéèsì, tábìlì, àti ìsopọ̀ tí ápù fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ Django ti Python lẹ fi kọ ápù yín, abẹ́ OPTIONS nínú settings ni charset ti ìsopọ̀ wà. Fún PDO, tí PHP fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, inú DSN, ìlà tó júwe ìsopọ̀, ni. Ẹ má sọ fún mi pé MySQL 8.0 ti yanjú ẹ̀. Lóòótọ́, láti 2018 ni 8.0 ti ń lo utf8mb4 bí èèyàn ò bá yàn fún un, àmọ́ tábìlì tẹ́ ẹ kó wá láti 5.7 ń gbé latin1 tirẹ̀ bọ̀ ni. Ẹ tẹ SHOW CREATE TABLE, kẹ́ ẹ ka ìlà tó gbẹ̀yìn. Ẹ wo collation náà, ìyẹn ìlànà tí MySQL fi ń fi ọ̀rọ̀ wéra: lójú utf8mb4_0900_ai_ci, ọ̀kan náà ni owó, ọwọ́ àti ọ̀wọ̀. Utf8mb4_0900_as_cs ló mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Ọmọ tí mo gbá lọ́wọ́ mú yẹn, mo ní kó ka error náà sókè dópin. \xE1\xBB\x8D ló wà níbẹ̀. Mo bi í pé kí nìyẹn. Kò mọ̀. A jọ wá a. Ọ ni, ọ tó wà nínú orúkọ ìyá rẹ̀.