Ẹ Má Jẹ́ Kó Jẹ́ Ẹkún Ọmọ Nìkan Ni Tiyín

Ẹ̀yin abiyamọ tuntun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí mo kọ́ lórí àkọ́bí mi. Nílé wa, tọ́mọ bá ti wẹ̀, tó yó, tó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo èèyàn ló fẹ́ gbé e, àǹtí á gbà á, àlejò á gbà á, wọ́n á máa yà á ní fọ́tò, àmọ́ tó bá ti lanu báyìí tó ń ké, kíá, "ẹ gbé e fún ìyá ẹ̀ o, ọmú ló fẹ́ mu." Ẹkún nìkan ló wá ń kàn mí. Nígbà tó yá, tí n bá ti gbọ́ igbe ẹ̀ àyà mi á já, mo wá ń rò ó pé ṣé mo tiẹ̀ fẹ́ràn ọmọ yìí báyìí.

Ìwádìí kan tí mo kà ló fọkàn mi balẹ̀. Ní Houston l'Amẹ́ríkà, dókítà ọmọdé kan, Lane Strathearn, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kó ìyá 28 tó bí àkọ́bí jọ, àwọn ìyá náà dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán ọpọlọ, wọ́n wá ń fi fọ́tò ọmọ hàn wọ́n, tiwọn àti tẹlòmíì, èyí tó ń rẹ́rìn-ín, èyí tó ń ké, èyí tójú ẹ̀ kàn wà bẹ́ẹ̀. 2008 ni àbájáde ẹ̀ jáde. Tí ìyá bá ti rí ẹ̀rín ọmọ tiẹ̀, ibi tí èròjà ara kan tí wọ́n ń pè ní dopamine ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ, ibi tí adùn ti ń wá, á ta jí. Tó bá jẹ́ ojú ẹkún, kódà kó jẹ́ tọmọ ẹ̀ gan-an, ibẹ̀ ò jí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ìyá ò ní dáhùn o, nínú ìwádìí míì tó jáde ní 2017, lórílẹ̀-èdè 11, Kẹ́ńyà àti Kamẹrúùnù wà níbẹ̀, tọ́mọ bá ti ké, àwọn ìyá á gbé e, wọ́n á bá a sọ̀rọ̀. Ẹkún ló ń pè wá síṣẹ́, ẹ̀rín ló ń sanwó. Ẹni tó wá ń ṣiṣẹ́ tí ẹlòmíì ń gba owó ẹ̀ ńkọ́?

Mo kúnlẹ̀ bá ìyá ọkọ mi: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, tó bá ń ké lálẹ́ ẹ bá mi pọ̀n ọ́n, tó bá jí láàárọ̀ tínú ẹ̀ ń dùn, kẹ́ ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ mi." Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ṣé ohun tó ń dùn ẹ́ látọjọ́ yìí nìyẹn?" Látọjọ́ náà ni wọ́n ti ń bá mi pọ̀n ọ́n lóru.

Láàárọ̀, ẹ fi fóònù sílẹ̀, ẹ gbójú sún mọ́ ọmọ dáadáa torí ìkókó ò tíì ríran jìnnà, kẹ́ ẹ máa bá a sọ̀rọ̀. Ẹ má retí ẹ̀rín gidi kó tó tó bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 o, kẹ́ ẹ má lọ rò pé ọmọ ò fẹ́ yín. Kí bàbá ọmọ náà gbé e, ọpọlọ bàbá tó ń tọ́jú ọmọ fúnra ẹ̀ náà máa ń yí padà.

Àmọ́ tó bá ti lé lọ́sẹ̀ méjì tí ẹ̀rín ọmọ ò mú inú yín dùn mọ́, tẹ́ ò rí oorun sùn kódà tọ́mọ bá sùn, ó lè jẹ́ àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó máa ń ṣe abiyamọ, ó sì ní ìtọ́jú. Ẹ̀rù kí wọ́n má pè mí ní abisínwín ló ń mú ọ̀pọ̀ wa dákẹ́. Ọjọ́ àbẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, ẹ ṣáà máa dé iwájú nọ́ọ̀sì, ẹ sọ ọ́ fún un níbẹ̀.