Ẹni tó máa tún fíríjà ṣe

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ka màíkíróbáọ́lọ́jì àti bàókẹ́mísìrì l'Ádó àti l'Ọ́yẹ́, ìbéèrè kan lẹ máa ń bi mí: ìgbà wo ni ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe oògùn yóò dé Èkìtì? Ó pẹ́ tí èmi náà ti ń bèèrè é.

Ẹ gbọ́ ti San Diego ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1978, wọ́n dá Hybritech, ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń fi ìmọ̀ ohun alààyè ṣe ohun àyẹ̀wò àrùn, sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó di 1986, Eli Lilly, ilé-iṣẹ́ oògùn ńlá kan, rà á. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni kò fara mọ́ ọ̀gá tuntun, wọ́n bá fiṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò fìlú sílẹ̀. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tiwọn, àwọn ọmọṣẹ́ wọn náà tún dá tiwọn. Bí iṣẹ́ yìí ṣe pọ̀ ládùúgbò náà nìyẹn. Èyí ò ní ya àwọn ìyá amọ̀kòkò Ìsàn-Èkìtì lẹ́nu: níbi tí ẹni tó mọ amọ̀ àti ẹni tó mọ iná bá ti ń gbé pọ̀, ọmọdé á ti mọṣẹ́ kó tó mọ̀ pé òun ń kọ́ṣẹ́.

Nígbà tí mo wà ní láàbù kan, iná lọ lópin ọ̀sẹ̀, jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀; nígbà tí iná padà dé, fíríjà wa jóná. Ẹ́ńsáìmù, èròjà tó ń mú iṣẹ́ kẹ́míkà yá, tó yẹ kó wà ní ìwọ̀n òtútù -20 ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó di àárọ̀ Ajé. Mo sunkún. Ohun tó dùn mí jù ni pé gbogbo wa la ní dìgírì, kò sì sẹ́nì kan tó lè tú fíríjà yẹn wò. Èkó la ránṣẹ́ sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ẹni tó máa tún un ṣe fi dé.

Ẹdẹ kì í ṣe Èkó. Síbẹ̀, ní oṣù kẹta 2020, ní ACEGID, ibùdó ìwádìí àrùn àkóràn tó wà ní Yunifásítì Redeemer's níbẹ̀, ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Christian Happi àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ka jínóómù (gbogbo àkọsílẹ̀ àbùdá) kòkòrò kòrónà àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Ẹ̀rọ àti ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n lò ti wà nílẹ̀ kí àrùn tó dé.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má kàn ka ìwé yege. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú ẹ̀rọ, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú òtútù, bí wọ́n ṣe ń kọ iṣẹ́ sílẹ̀ tí ẹlòmíì á lè tún un ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ń tún sẹ́ńtírífúùjì, ẹ̀rọ láàbù tó ń yí kíákíá láti ya ohun tó wúwo sọ́tọ̀, ṣe l'Ádó báyìí. Láàbù mẹ́rin ló ń pè é, ó sì ti gba ọmọṣẹ́ méjì.