Ọjọ́ tí mo fi bírò pupa fa igi lé “Òkun iṣẹ́”

Ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù Èrèlé 2026
Kàbà

Iná ò sí. Fìtílà olóòrùn ni mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé yìí. Ooru mú débi pé mo ṣí fèrèsé méjèèjì sílẹ̀, ariwo tírélà tó ń lọ sọ́nà Ọbàjànà sì ń wọlé wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ààwẹ̀ Rámádáánì àti Lẹ́ńtì bọ́ sínú ọ̀sẹ̀ kan náà lọ́dún yìí, ó sì ti rẹ tíṣà àtọmọ. Ó yẹ kí n ti sùn. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì mi láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò jẹ́ kí ojú mi dì, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó gbàgbé bó ṣe rí gan-an.

Mo fún àwọn JSS1 ní ìdánwò kékeré lórí ìkíni. Kí lo máa sọ tí o bá bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lóko? Ẹni tó ń tajà ńkọ́? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìnàjò dé? Ìbéèrè mẹ́wàá, máàkì mẹ́wàá. Lọ́sàn-án, mo jókòó sí sítáfù-rúùmù, mo ń máàkì wọn. Ẹ kú iṣẹ́, ó gbà á. Ẹ kú ọjà, ó gbà á. Ọwọ́ mi ti ń yá, mi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ kà á mọ́, àfìgbà tí mo dé orí ìwé ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ìwé rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó fi rúlà fa ìlà sábẹ́ àkọlé. Nọ́ńbà kìíní: Òkun iṣẹ́. Nọ́ńbà kejì: Òkun ọjà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ ọ́ títí dé ìkẹwàá.

Mo fa igi pupa lé gbogbo rẹ̀. Mo kọ òdo sókè, mo fi òbíríkítí yí i ká, mo tún kọ ọ́ sábẹ́ pé, “Kọ Yorùbá tó dára.” Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan. Mo mú ìwé tó kàn.

Ẹni tí kì í bá ṣe ará ilẹ̀ wa lè má rí ohun tó burú níbẹ̀. Òkun ni àwa tí a wà ní ìwọ̀-oòrùn Kogi fi ń kíra wa: Owé níbí ní Kàbà, Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀. Òkun iṣẹ́ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́, Òkun ọjà fún ẹni tó wà ní ìsọ̀. Ìkíni yẹn náà ni wọ́n fi sọ wá lórúkọ. Ẹ̀yà márààrún, a kò ní ọba kan ṣoṣo tó jẹ lé gbogbo wa lórí, ohun tí a jọ ń sọ nígbà tí a bá pàdé lójú ọ̀nà ló di orúkọ wa. Orúkọ yẹn ni èmi, ọmọ Ìjùmú, fa igi pupa lé nígbà mẹ́wàá lórí ìwé ọmọ ọdún mọ́kànlá.

Mi ò tíì mọ̀ pé mo ṣe nǹkan kan. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, nígbà tí wọ́n lọ fún ìsinmi ọ̀sán, ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà sítáfù-rúùmù, ó gbá ìwé rẹ̀ mọ́ àyà. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ má, ṣé màmá mi àgbà ò gbọ́ Yorùbá ni?”

Mo ní kí ló dé.

“Àwọn ló kọ́ mi. Mo bi wọ́n ní gbogbo ẹ̀ lálẹ́ kí n tó wá.”

Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà yẹn ló ń gbé. Ó kàwé fún ìdánwò mi, ó lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n jù lọ nínú ilé wọn, ìyẹn jókòó tì í, ó dáhùn ìbéèrè mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo wá fún àwọn méjèèjì ní òdo. Mi ò rí nǹkan kan sọ. Mo ní kí ó padà sí kíláàsì, pé a máa jọ sọ ọ́. Ohùn mi le ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, torí ojú ti mí.

Mo mọ ibi tí mo ti kọ́ ọ. Nígbà tí èmi náà wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ẹni tó bá sọ èdè ilé, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, fáìnì ni tàbí pàṣán. Mo sanwó títí mo fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà mo lọ kàwé NCE, Yorùbá ni mo yàn, inú mi dùn pé mo ń padà sílé. Yorùbá tí mo bá níbẹ̀ dára, mo fẹ́ràn rẹ̀ títí dòní, òun ni mo fi ń jẹun, òun náà ni mo ń kọ yìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé wa ni mo padà sí. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ kí ìyá mi ní Ìyàrá lẹ́yìn tí mo parí, ó fetí sí mi títí, ó wá ní mo ti ń sọ̀rọ̀ bíi ti rédíò. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ Ọjọ́rú, ibo ni èdè ìwé ti di ọ̀kan, tí èdè ilé sì di àṣìṣe? Ajayi Crowther, ọmọ Òsogùn tó ṣíwájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, wà lára àwọn tó bá ọkọ̀ ojú omi gòkè odò Ọya ní 1841, tí wọ́n dá oko sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ òkè Pàtí ní Lọ́kọ́jà. Ní 1857 ó tún padà wá, wọ́n dá ilé iṣẹ́ ìyìn rere sílẹ̀ ní Gbẹ̀bẹ̀, létí ibi tí odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, nítòsí àwọn Ọ̀wọ̀rọ̀. Ó sún mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn Ọ̀yọ́ tí wọ́n fi bí i ni igi lẹ́yìn ọgbà Bíbélì Yorùbá tó parí ní 1884, Bíbélì yẹn ló sì fún Yorùbá àjùmọ̀lò ní ẹsẹ̀ tó fi ń rìn. Mi ò bínú sí i. Ẹnìkan ní láti bẹ̀rẹ̀ níbìkan, iṣẹ́ ńlá ló ṣe. Nígbà tí ìwé fi ń dé ọ̀dọ̀ tiwa pátápátá, abẹ́ Àríwá ni wọ́n kó wa sí, lẹ́yìn náà Kwara, láti 27 oṣù kẹjọ 1991 ó di Kogi, níbi tí Ígálà, Ẹ̀bìrà àti Òkun ti jọ ń ṣe ìpínlẹ̀ kan. Gẹ̀ẹ́sì ló bá di èdè àárín wa. Ọmọ Òkun ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kó lè bá ará Kogi sọ̀rọ̀, ó ń kọ́ Yorùbá Ọ̀yọ́ kó lè yege nínú WAEC, ti ilé dúró sí ìdáná pẹ̀lú ìyá àgbà.

Ní oṣù kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní pírámárì láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, oṣù kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde ní Àbújá pé wọ́n ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ máa lò. Ó ní ibi tí wọ́n ti lo èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò. Mo ka ìròyìn yẹn lórí fóònù, mo sì gbé e kalẹ̀. Pírámárì tí mo mọ̀ ní àyíká mi, kò sí èyí tí wọ́n ti fi èdè wa kọ́ ìṣirò lọ́jọ́ kan nínú ọdún mẹ́ta yẹn, kò sí ìwé, kò sí tíṣà tí wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́ fún un. Báwo lèèyàn ṣe ń fagi lé ohun tí kò tíì bẹ̀rẹ̀? Nílé-Ifẹ̀, láti 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ pírámárì fún odindi ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti kíláàsì kẹrin lọ, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kọ ìwé fún wọn, wọ́n kọ́ àwọn tíṣà wọn. Ìyàtọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ Àbújá tóbi jù mí lọ. Bírò pupa wà lọ́wọ́ mi.

Lánàá mo lọ sílé ìyá àgbà ọmọ náà. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo tọrọ gáfárà, mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá bá mi kọ́ kíláàsì. Ọmọ Bùnú ni, Kàbà ló rọ́kọ sí, ó sì ti hun aṣọ láti kékeré. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa bi mí pé ṣé kò ní í sí ọ̀rọ̀ òrìṣà níbẹ̀, torí àwọn òbí. Mo ní òwú ni màmá ń gbé bọ̀. Ó gbà.

Ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ òní, a gbé bẹ́ǹṣì sábẹ́ igi máńgòrò. Ìyá àgbà tú aṣọ ìdìpọ̀ rẹ̀ sílẹ̀: òwú tó ti yọ kóró inú rẹ̀ kúrò, igi ìrànwú kan, apasà kan, igi tí wọ́n fi ń ti òwú mọ́ra nínú òfì, tí ojú rẹ̀ ń dán bíi pé wọ́n fi epo pa á, ọdún àti ọwọ́ ló dán an. Ó fi ẹfun pa àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀, ó fa òwú díẹ̀, ó yí igi náà lórí itan, òwú bẹ̀rẹ̀ sí í jáde tínrín bí irun ọmọ tuntun. Kò wò ó. Ojú àwọn ọmọ ló ń wò, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọkùnrin ẹ̀yìn tí kì í jókòó jẹ́ẹ́ ti wá dúró síwájú. Ọ̀kan gbà á kó gbìyànjú, òwú já. Ó tún gbìyànjú, ó tún já. Ìyá àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì fi ìka tirẹ̀ tẹ ìka ọmọ náà, kó lè mọ bó ṣe yẹ kó le tó.

Ó sọ fún wọn nípa aṣọ ìpò, aṣọ pupa ti Bùnú, tí wọ́n ń hun fún ìsìnkú àwọn olóyè àti fún egúngún. Òwú pupa yẹn kì í ṣe láti oko. Àwọn ìyá wọn a máa ra bùláńkẹ́ẹ̀tì pupa tí oyinbo kó wá, wọ́n á tú u ní fọ́nrán fọ́nrán, wọ́n á tún un hun. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń sọ pé àṣà wa jẹ́ nǹkan tó dúró lójú kan gbọ́ èyí. Obìnrin Bùnú jókòó sídìí òfì tó gbé ti ògiri, ó tú bùláńkẹ́ẹ̀tì ilé ìwòsàn, ó sì sọ ọ́ di aṣọ tí wọ́n fi ń sin ọlọ́lá.

Ẹ̀ka-èdè rẹ̀ ni ó fi sọ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé màá ní láti túmọ̀, n kò túmọ̀ ju ìgbà mẹ́ta lọ. Ọmọ Yàgbà kan sọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Ìsánlú, ọmọ Ìjùmú kan ní irọ́ ni, bí tiwọn ṣe rí rèé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Ọmọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ wá láti Ìdàh nawọ́ sókè, ó ní àwọn Ígálà ń pe omi ní omi, wọ́n sì ń pe ọmọ ní ọma, ṣé ìyẹn náà wọ̀ ọ́? Mo ní ó wọ̀ ọ́ dáadáa. Mo sọ fún wọn pé ìbátan ni èdè méjèèjì. Ó jókòó bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Kí agogo tó lù, mo sọ fún wọn ìdí tí ọ̀la fi jẹ́ ọjọ́ èdè abínibí káàkiri àgbáyé. Ní 21 oṣù Èrèlé 1952, ní Dhaka, ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń béèrè pé kí wọ́n ka èdè Bẹ̀ngálì kún èdè ìjọba. UNESCO ló wá ya ọjọ́ náà sọ́tọ̀ ní 1999. Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ẹnìkan béèrè pé, “Àǹtí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa?” Mo ní wọ́n dàgbà jù yín lọ díẹ̀.

Lẹ́yìn náà, mo gba ìwé ìdánwò ọmọbìnrin yẹn. Bírò pupa kì í ṣe é pa rẹ́, mi ò sì fẹ́ ya ojú ìwé náà. Mo fi bírò búlúù kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan: “Ó tọ̀nà. Nínú ìdánwò WAEC, kọ Ẹ kú iṣẹ́.” Mo kọ mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, mo fọwọ́ sí i. Bí mo ṣe máa máàkì gbogbo wọn nìyí láti òní lọ: àwọn méjèèjì ni kí ọmọ mọ̀, kó mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, kó má sì gbé ọ̀kan sọnù nítorí èkejì. Ìyá àgbà ò mọ̀wé. Ó ní kí ọmọ ka ohun tí tíṣà kọ. Ó kà á. Ìyá àgbà wo ojú mi, ó ní, “Òkun iṣẹ́ o.”

Ó pẹ́ tí mo ti dá ẹnikẹ́ni lóhùn bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ẹnu mi wúwo. Mo dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ mẹ́tàdínlógún ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ lónìí tí n kò rí nínú ìwé kankan tí mo fi ń kọ́ wọn. Mo kọ gbogbo wọn sẹ́yìn ìwé ìpalẹ̀mọ́ iṣẹ́ mi. Mẹ́rin nínú wọn, mi ò mọ àmì tó yẹ kí n fi sórí wọn, mo pè é títí, ó ń yí mọ́ mi lẹ́nu. Tí ilẹ̀ bá mọ́, màá pe ìyá mi ní Ìyàrá, kó sọ wọ́n díẹ̀díẹ̀ kí n gbọ́.