Àyẹ̀wò ọdún onígìtá kan: ibi tí kámẹ́rà kì í dé

Bí ọdún bá ti ń lọ sópin, àwa tí gìtá oníná ti wọ̀ lẹ́wù a máa ń kó ẹrù wa jáde, a ó tò ó sílẹ̀, a ó ya fọ́tò rẹ̀. Tèmi ti wà nílẹ̀ báyìí: gìtá, ámpù tó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè, pẹ́dàlì tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn náà padà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wò ó, mo rí i pé kò sí ìkankan nínú ohun tó yí ohùn mi padà lọ́dún yìí tó hàn nínú fọ́tò náà. Sípíkà wà nínú àpótí. Ẹ̀rọ tó ń pín iná fún pẹ́dàlì wà lábẹ́ pákó tí a to àwọn pẹ́dàlì lé. Gíga pickup, ìyẹn òòfà tó ń gbọ́ ohùn okùn lábẹ́ rẹ̀, ńkọ́, ta ni yóò fojú lásán mọ̀ ọ́n? Nítorí náà, àwọn tó fara pamọ́ ni n ó kọ́kọ́ kà. Màá mẹ́nu ba àwọn tó hàn náà, torí mo fẹ́ràn wọn, mi ò ní purọ́.

Sípíkà ló ṣáájú. Ámpù kékeré ni mo ní, oní-tube, ìyẹn èyí tí ìgò oníná ń gbé ohùn sókè nínú rẹ̀, wátì 15, ìgò EL84 méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Greenback ti Celestion ló ń sọ̀rọ̀ fún un tẹ́lẹ̀. Mo yọ ọ́, mo fi Vintage 30 tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá ka ìwé tó máa ń bá sípíkà wá yóò rí nọ́ńbà kan tí ọ̀pọ̀ wa máa ń fò kọjá: bí ohùn rẹ̀ ṣe lọ sókè tó, ní mítà kan síwájú rẹ̀, bí a bá fún un ní wátì kan péré. Ti Greenback jẹ́ dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 98, ti Vintage 30 jẹ́ 100. Ẹ ó ní méjì ha tó nǹkan? Ó tó o. Bí a bá fẹ́ fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì mẹ́ta péré kún ohùn, àfi ká sọ wátì di ìlọ́po méjì. Méjì yẹn nìkan ti sọ wátì 15 mi di bíi 24, láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kan ámpù. Ẹni tó ń wá ámpù ńlá kiri nítorí pé tirẹ̀ kò dún tó, kó kọ́kọ́ tú ẹ̀yìn àpótí wò. Wátì 100 pàápàá, nínú etí ènìyàn, kò ju bí ìlọ́po méjì wátì 10 lọ.

Kì í sì í ṣe bó ṣe dún tó nìkan ni. Sípíkà gìtá kì í ṣe irú èyí tó wà nínú rédíò. Láti bíi 5,000 Hz lọ sókè, gígé ló ń gé ohùn dànù, ohun tó sì ń jẹ́ kí distortion, ìyẹn ohùn gìtá tí a mọ̀ọ́mọ̀ bà jẹ́, ṣeé gbọ́ sétí nìyẹn. Ẹ so pẹ́dàlì distortion mọ́ míksà tààrà, láìsí sípíkà gìtá láàárín, ẹ ó gbọ́ bí yóò ṣe máa ta yín létí. Vintage 30 ní ibì kan ní apá òkè àárín ohùn tó máa ń tì síwájú, ibẹ̀ ni gìtá ti ń rí àyè yọ láàárín ìlù àti báàsì. Bó bá jẹ́ èmi nìkan ni mo jókòó nínú yàrá, Greenback dùn jù ú lọ fún mi, ó rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí ẹgbẹ́ bá pé ni ìpinnu mi ń ṣe mí lóore. Mo fi Greenback pamọ́, mi ò tà á.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ohm, ìyẹn bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ámpù bá béèrè mẹ́jọ, mẹ́jọ ni kí ẹ fún un. Ẹ má sì tan ámpù oní-tube láìsí sípíkà lára rẹ̀ rárá, torí pé tiransfọ́mà tí ohùn ń gbà jáde lè jóná.

Ọ̀rọ̀ iná kì í wu ẹnikẹ́ni láti sọ, bẹ́ẹ̀ òun ló gbà mí lọ́wọ́ ariwo. Wáyà ẹlẹ́ka púpọ̀ ni mo fi ń pín iná láti ara ádápítà kan ṣoṣo fún gbogbo pẹ́dàlì. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ analog, tí kò sí díjítà nínú wọn, ó lè máà sí wàhálà. Bí ẹ bá ti fi delay onídíjítà kan, pẹ́dàlì tó ń dá ohùn padà bíi gbohùngbohùn, sáàárín wọn, ariwo tín-ín-rín kan yóò gba ojú wáyà náà wọnú àwọn yòókù. Lọ́dún yìí, mo gba ẹ̀rọ tí ojú iná rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró, tí ọ̀kan kò bá èkejì pín nǹkan kan. Ariwo náà lọ ráúráú. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára pẹ́dàlì yín: fólítì 9 ni ọ̀pọ̀ ń lò, pẹ̀lú àárín tó jẹ́ negative, ṣùgbọ́n bí ebi ṣe ń pa wọ́n kò dọ́gba. Overdrive kékeré, pẹ́dàlì tó ń ba ohùn jẹ́ díẹ̀, bíi Tube Screamer, kì í jẹ tó 10 mA (ìwọ̀n iná tó ń fà), nígbà tí delay Timeline ti Strymon ń béèrè 300 mA. Fuzz ayé àtijọ́ ńkọ́, pẹ́dàlì tó ń ba ohùn jẹ́ gan-an, èyí tí tránsístọ̀ rẹ̀ jẹ́ germanium? Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé positive ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀. Ẹ so ìyẹn pọ̀ mọ́ àwọn yòókù lórí wáyà kan náà, iná yóò pàdé iná, pẹ́dàlì kò sì ní dún mọ́.

Mo ti wá dé ibi tí mo ń lọ, ìyẹn fuzz. Ọdún 1966 ni Arbiter gbé Fuzz Face jáde ní London, ohun róbótó tí Jimi Hendrix sọ di olókìkí. Ẹ tú inú rẹ̀ wò, ẹ ó rẹ́rìn-ín: tránsístọ̀ méjì, rẹ́sísítọ̀ mẹ́rin, kapásítọ̀ mẹ́ta, àti nọ́ọ̀bù méjì. Kò sí pẹ́dàlì tó kéré nínú bẹ́ẹ̀ tó sì tún ń ṣe fújà tó o. Ìdí ni pé kì í kàn án gba ohùn gìtá, ó ń fa pickup mọ́ra ni, débi pé pickup àti fuzz di ẹ̀rọ kan náà. Nítorí ìyẹn ni nọ́ọ̀bù fólúùmù ara gìtá fi di nọ́ọ̀bù kẹta fún pẹ́dàlì náà. Mo ṣí i pátápátá, ó ń bú ramúramù. Mo dín in kù díẹ̀, ó di overdrive. Mo tún dín in, ohùn náà mọ́ tónítóní, ó sì mọ́ lọ́nà kan tí ámpù nìkan kò lè mú jáde. Láàárín orin kan náà, n kì í fi ẹsẹ̀ kan nǹkan kan mọ́. Ìka kékeré ọwọ́ ọ̀tún ló ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n fuzz yìí kò gba kí ẹnikẹ́ni dá sí ọ̀rọ̀ àárín òun àti gìtá. Ẹ fi pẹ́dàlì tó ní buffer, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń dá gìtá yà kúrò lára ohun tó tẹ̀lé e, síwájú rẹ̀, bíi ọ̀pọ̀ nínú ti Boss, ohùn yóò di gbẹrẹfu, fólúùmù kò sì ní sọ ọ́ di mímọ́ mọ́. Ẹ fi wah, pẹ́dàlì tó ń mú kí gìtá dún bíi "wá-wá", síwájú rẹ̀, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro. Nítorí náà, òun ló kọ́kọ́ ń gba wáyà láti ara gìtá lórí pákó mi, tuner, tó ń yẹ okùn wò bóyá ó wà lóhùn, tí mo fẹ́ràn láti fi ṣáájú sì ti lọ sẹ́yìn rẹ̀. Ooru tún máa ń yí germanium lọ́kàn padà. Silicon, irú tránsístọ̀ kejì, kì í bá a ṣe irú eré bẹ́ẹ̀, òun ni mo sì gbé lọ sórí ìtàgé. Àwọn tó ń bura pé germanium nìkan ni fuzz gidi, mo gbọ́ yín, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ohun tó kéré jù nínú gbogbo rẹ̀, ṣúkúdíráfà ni mo fi ṣe é. Pickup gìtá mi, irú Stratocaster, ti ga jù. Òòfà inú rẹ̀ a máa fa okùn, ní pàtàkì okùn tó nípọn jù, ohùn a sì máa gbọ̀n bí ẹni pé okùn méjì ló ń dún lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan á fi ọ̀sẹ̀ gbáko ṣe intonation, ìyẹn títún gígùn okùn ṣe kó lè wà lóhùn, nítorí rẹ̀. Ẹ tẹ okùn mọ́ fret, ìyẹn irin ojú ọrùn gìtá, tó kẹ́yìn, kí ẹ wá wọn àyè tó wà láàárín okùn àti òòfà: bíi mìlímítà 2 lápá okùn nínípọn, 1.6 lápá tín-ín-rín, ohun tí ilé iṣẹ́ Fender, tó ṣe Stratocaster, sọ fún pickup single-coil tó wọ́pọ̀ nìyẹn. Okùn mi ń dún pẹ́ báyìí, ohùn sì ní afẹ́fẹ́ nínú.

Ní ti ohun tí mo tà, overdrive ló pọ̀ jù. Mo jókòó ti gbogbo wọn, mo ń fetí sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: orúkọ ló yàtọ̀, àwọ̀ ló yàtọ̀, ọmọ ìyá kan náà ni púpọ̀ wọn. Tube Screamer ni ìyá wọn. Gbogbo wọn ló ń gé báàsì kúrò kí wọ́n tó ba ohùn jẹ́, tí àárín ohùn fi ń yọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín TS808 àti TS9 tí àwọn èèyàn ń torí rẹ̀ pariwo, rẹ́sísítọ̀ méjì ni, níbi tí ohùn ti ń jáde. Mo mú ọ̀kan, mo jẹ́ kí àwọn yòókù rí ilé mìíràn. Mi ò lò ó fún distortion pàápàá. Mo ṣí level rẹ̀ (bó ṣe ń dún tó) sókè, mo rọ gain rẹ̀ (bó ṣe ń ba ohùn jẹ́ tó) sílẹ̀, mo fi ń ti ámpù tó ti ń lágùn tẹ́lẹ̀.

Àwọn ẹ̀rọ tó ń fara wé ámpù, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Láti ìgbà POD ti Line 6 ní 1998 títí dé Kemper ní 2011, wọ́n ti rìn jìnnà, Neural Amp Modeler sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ báyìí fún ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà. Òun ni mò ń lò lóru pẹ̀lú hẹ́ẹ̀dìfóònù, mi ò sì kẹ́gàn rẹ̀. Ohun tí mo ṣàkíyèsí níbẹ̀ ni pé bí mo bá pààrọ̀ IR, ìyẹn fáìlì tó ń ṣe iṣẹ́ sípíkà, ohùn a máa yí ju ìgbà tí mo bá pààrọ̀ ámpù gan-an lọ. Ẹ rí i pé sípíkà náà ni a tún padà dé.

Iṣẹ́ méjì ló kù fún ọdún tó ń bọ̀. Mo fẹ́ gbé okùn láti ìwọ̀n .009 lọ sí .010 tó nípọn jù ú lọ. Ìyẹn á fa ọrùn gìtá síwájú díẹ̀, n ó ní láti yí truss rod, irin tó wà nínú ọrùn náà, kí n sì wo bóyá ojú nut, ibi tí okùn ń gbà kọjá lókè ọrùn, gba okùn náà. Èyí ni mo lè ṣe fúnra mi. Èkejì, ámpù ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, kódà bí mi ò bá so gìtá mọ́ ọn. Mo fura sí àwọn kapásítọ̀ ńlá tó ń fọ iná mọ́ nínú rẹ̀, wọ́n ti darúgbó. Iná tó lè pani lè wà nínú wọn síbẹ̀, lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà kúrò lára ògiri, nítorí náà mi ò tú u. Mo ti gbé e fún oníṣẹ́, ó sì ní kí n padà wá wò ó lẹ́yìn ọdún tuntun.