122 nínú 100: ohun tójú mi rí nídìí back titration

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń ṣe IT ní lábù, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Lánàá lọ̀kan nínú yín tún gbé èsì back titration tó jẹ́ 118 nínú 100 wá, èyí tí ò ṣeé ṣe, ojú ẹ̀ ti pọ́n, mo bá rántí ara mi.

Ẹ̀kọ́ kìíní, NaOH (álíkálì tá a fi ń wọn ásíìdì) tẹ́ ẹ fẹ́ lò ni kẹ́ ẹ fi ṣan burẹ́ẹ̀tì (ọ̀pá gíláàsì oníìlà tá a fi ń da á díẹ̀díẹ̀) kẹ́yìn, kì í ṣe omi nìkan. Èkejì, tí ìkarahun tẹ́ ẹ ń yẹ̀ wò bá ti yọ́ tán nínú ásíìdì, ẹ gbé e kaná díẹ̀ kí gáàsì CO₂ inú ẹ̀ lè jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó máa jẹ NaOH yín.

Ẹ̀kẹta gan-an ni mo torí ẹ̀ ń kọ èyí. Iye CaCO₃ (calcium carbonate, èròjà tó pọ̀ jù nínú ìkarahun) inú ìkarahun ìgbín ni wọ́n ní kí n wá fún project mi, ọjà Olúwo l'Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ra ìgbín. CaCO₃ kì í yọ́ nínú omi, ìyẹn la fi ń da ásíìdì tó pọ̀ jù sí i, ká wá wọn èyí tó ṣẹ́kù. Ìkarahun gíráàmù 1.00, ásíìdì HCl 50 cm³ tó jẹ́ 0.5 mol/dm³, ìyẹn 0.025 mólù (mólù la fi ń ka iye èròjà). Mo dà á sínú flask 250 cm³, mo fi omi kún un dé ìlà, mo fa 25 cm³ jáde, NaOH 0.05 mol/dm³ tó gbà láti pa ásíìdì tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀ jẹ́ 12.0 cm³. 0.0006 mólù nìyẹn. Mo yọ ọ́ kúrò nínú 0.025, mo pín in sí méjì torí HCl méjì ló ń bá CaCO₃ kan lọ, ó di 0.0122, mólù CaCO₃ kan sì jẹ́ gíráàmù 100, ìyẹn gíráàmù 1.22 nínú ìkarahun tí ò ju gíráàmù kan lọ.

Ọ̀gá tó ń bójú tó mi pariwo lé mi lórí lójú gbogbo èèyàn, wọ́n ní mo jókòó sílé hùmọ̀ figure. Mi ò parọ́ o! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gba ọ̀nà Itoikin lọ sí Ìkòròdú láàárọ̀ kùtù, mo po ásíìdì tuntun, mo yá òṣùwọ̀n ẹlòmíì, mo tún ìgbín rà, 12.0 yẹn náà ló ń jáde, kò sì sẹ́nì kankan tó ní kí n mú bébà mi wá kóun wò ó. Bẹ́ẹ̀, orí bébà ni àṣìṣe náà wà! 0.0006 yẹn, ti 25 tí mo fà ni, ìdá kan nínú mẹ́wàá, ti gbogbo flask jẹ́ 0.006. Yọ ọ́ nínú 0.025, ó ku 0.019, ìdajì ẹ̀ 0.0095, gíráàmù 0.95. 95 nínú 100. Òru ni mo rí i, mo sunkún.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi pariwo lé àbúrò àná yẹn. Mo kàn bi í pé, mélòó lo fà nínú mélòó? Ó dákẹ́, ó wo flask, ó mú bírò, ó kọ ×10 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ẹ̀.